Ewé Páìnì Kí Ó Tó Di Apẹ̀rẹ̀

Ewé igi páìnì ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé lórí, àti ìtọ́jú tí ó gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó ṣeé fi ṣe apẹ̀rẹ̀. Ewé yìí kò fẹ̀ bí ewé obì. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ ni, ṣónṣó orí rẹ̀ sì mú. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láti Virginia títí dé Texas, irú páìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní longleaf. Ewé tirẹ̀ lè gùn tó 45 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí àwọn àgbà yóò pè ní ìgbọ̀nwọ́ kan. Gígùn yẹn ló mú kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju ewé páìnì yòókù lọ.

Irú apẹ̀rẹ̀ wo ni wọ́n ń fi ewé tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ó yàtọ̀ sí agbọ̀n tí wọ́n fi ń kó tòmátì àti ata wá sí ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá. Híhun ni wọ́n ń hun agbọ̀n: ọ̀kan á gba orí, ọ̀kan á gba abẹ́. Apẹ̀rẹ̀ páìnì kò ní híhun nínú. Wọ́n á kó ewé mélòó kan pọ̀ di ìdì kan, wọ́n á máa ká a yípo bí ẹni ń ká aṣọ ṣe òṣùká, wọ́n á sì máa fi abẹ́rẹ́ àti okùn rán ìpele tòkè mọ́ tìsàlẹ̀. Bí ewé inú ìdì náà bá ti ń dín kù, wọ́n á ti òmíràn bọ àárín rẹ̀. Báyìí ni ìdì kan ṣoṣo ṣe máa ń gùn láti ìdí apẹ̀rẹ̀ títí dé ẹnu rẹ̀ láìjá. Òwú ìránṣọ tó le ni àwọn kan fi ń rán an. Ìko ni ọ̀pọ̀ ń lò, ìko tí ó ń ti ara ewé ọ̀gọ̀rọ̀ wá, èyí tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ilẹ̀ àbàtà ní ìhà tiwa.

Àwọn wo ló ń ṣe é? Àwọn ará Coushatta, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, wà nínú àwọn tí iṣẹ́ yìí mọ́ lọ́wọ́ jù. Ní agbègbè Elton ní ìpínlẹ̀ Louisiana, wọ́n ń fi ewé páìnì ṣe apẹ̀rẹ̀ onídèérí, wọ́n sì ń ṣe é ní àwòrán ẹranko pẹ̀lú, bí ọ̀nì àti ìjàpá. Ní etíkun South Carolina àti Georgia, àwọn Gullah, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, ń ká apẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, nígbà tí wọ́n ń fi í fẹ́ ìrẹsì. Koríko olóòórùn dídùn kan ni wọ́n ń lò jù, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ewé páìnì longleaf sí i, kí àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ lè yọ láàárín àwọ̀ koríko. Ó lè wu Yorùbá kí ó sọ pé lọ́dọ̀ tiwa ni ọgbọ́n náà ti bá wọn lọ, ṣùgbọ́n ìhà Senegal títí dé Sierra Leone, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, ni àwọn onítàn tọ́ka sí. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ayé fojú kéré. Ní ọdún 2008, wọ́n fún Mary Jackson, ọ̀kan lára àwọn oníṣẹ́ apẹ̀rẹ̀ Gullah, ní ẹ̀bùn ńlá MacArthur nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó dára. Kí ló wá ń mú kí apẹ̀rẹ̀ páìnì dára, kí ló sì ń bà á jẹ́? Omi ni ìdáhùn méjèèjì. Ewé tí omi kò sí lára rẹ̀ á ṣẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ewé tí omi pọ̀ lára rẹ̀ á wú, yóò sì sún kì bí ó bá gbẹ. Èyí tí wọ́n kó pamọ́ pẹ̀lú omi á bu, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Nítorí náà, bí a bá ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, kí olùgbọ́ máa kíyè sí ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tí ó ti ń jáde. Gbogbo ìtọ́jú ewé náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí igi fúnra rẹ̀. Ewé páìnì kì í dá hù. Lára longleaf, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń hù pọ̀, ìdí wọn á sì wà nínú àkọ̀ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀. Olùgbọ́ gbọ́dọ̀ fi àkọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a. Kì í ṣe longleaf nìkan ni a lè lò. Ewé páìnì èyíkéyìí tí ó bá gùn tó nǹkan bí 15 sẹ̀ǹtímítà lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ewé bá ṣe kúrú tó ni wíwá òmíràn tì bọ inú ìdì á ṣe máa yá tó, iṣẹ́ á sì máa falẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, páìnì ponderosa ni wọ́n ń lò. Ní Pinar del Río ní Kúbà, páìnì Karíbíà wà tí ewé rẹ̀ gùn tó 15 sí 25 sẹ̀ǹtímítà. Páìnì yìí kan náà wà lára èyí tí wọ́n kó wá gbìn sínú igbó ọba ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí nílé kò ní láti wọkọ̀ òfuurufú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbí. Ní etíkun Èkó àti nínú ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, igi gíga kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní páìnì, tí afẹ́fẹ́ máa ń súfèé nínú rẹ̀. Casuarina ni, kò sì bá páìnì tan rárá. Báwo ni a ṣe lè dá a mọ̀? Kí ènìyàn já ohun tó dà bí ewé rẹ̀, kí ó di orí mú, kí ó di ìdí mú, kí ó fà á. Yóò yọ ní oríkèé, ègé kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni ohun tí ó ń fà yẹn. Ewé igi náà gan-an kéré débi pé ara oríkèé wọ̀nyẹn ni ó lẹ̀ mọ́, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Kò sí ẹni tó lè fi ṣe apẹ̀rẹ̀. Ewé páìnì tòótọ́ kò ní oríkèé, ó sì máa ń wà nínú àkọ̀.

Nígbà wo ni wọ́n ń kó ewé? Láàárín ọdún, páìnì ń gbọn ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà ìwọ́wé ni ó máa ń wọ́ jù, láti oṣù kẹsàn-án lọ sí ìparí ọdún. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ni wọ́n ń wá. Àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀, á máa dán, bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Èyí tí òjò ti pa lórí ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ á ti di eérú lójú, yóò sì já níbi tí ọwọ́ bá ti kàn án. Kò sí oògùn tí a lè lò fún irú ewé bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi tó, kò ní rọ̀ mọ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í sáré gbé ìwọ́lẹ̀ láti máa wọ́ ewé jọ. Wọ́n á kọ́kọ́ wo àwọn igi kéékèèké àti ẹ̀ka ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ewé tó bọ́ láti òkè máa ń há síbẹ̀, kì í dé ilẹ̀. Ewé bẹ́ẹ̀ ló mọ́ jù. Ìdì ewé páìnì tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń bo ìdí òdòdó kì í sábà dára fún iṣẹ́ yìí, torí ẹ̀rọ ti rún un. Ohun kan tún wà. Igbó longleaf ń fẹ́ iná; àwọn tó ń tọ́jú igbó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sun koríko ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, kí igi mìíràn má baà borí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ewé gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ kí iná tó débẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ìjọba, nítorí igbó náà kò pọ̀ mọ́. Nǹkan bí 90 mílíọ̀nù éékà ni longleaf gbà nígbà kan rí. Díẹ̀ péré ló kù nínú rẹ̀.

Ṣé a lè kó ewé tútù? A lè kó o, pàápàá lára igi tí ìjì wó tàbí ẹ̀ka tí wọ́n gé. Bí wọ́n bá sá ewé tútù sí ibòji, àwọ̀ ewé rẹ̀ á ṣì wà fún ìgbà díẹ̀, bí ó tilẹ̀ máa ń ṣá nígbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá sá a sí oòrùn, yóò pọ́n. Àwọn kan ń lo méjèèjì pọ̀ kí apẹ̀rẹ̀ wọn lè ní oríṣiríṣi àwọ̀ láìlo aró. Ìyọnu ewé tútù ni oje. Oje páìnì kì í gbọ́ ti omi lásán; òróró díẹ̀ ni wọ́n fi ń pa ọwọ́ kí ó tó bọ́.

Bí ènìyàn bá ti ń ṣa ewé, kí ó máa tò ó: orí sí orí, ìdí sí ìdí. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kì í kà sí. Wọ́n á da ewé sínú àpò bó ṣe wá, wọ́n á wá jókòó sílé fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n á máa tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nínú igbó ni wọ́n ti ń to ewé páìnì.

Ewé ti délé. Kí ló kàn? Fífọ̀ ni. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Iyanrìn á bọ́, kòkòrò á jáde, oje tó kù á dín. Nǹkan mìíràn tún wà tí ojú kò rí: ewé páìnì ní ohun kan bí ìda lára, tí ó fi ń dáàbò bo omi inú rẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ máa ń ṣí díẹ̀ lára ìda yìí kúrò, ìyẹn ni omi mìíràn ṣe lè wọlé tó bá yá. Wọ́n á fi omi mímọ́ ṣan án, wọ́n á sì rí i pé ọṣẹ kankan kò kù.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé ìròyìn, kí ó fọ́nká, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dára ju ibi tí oòrùn ń pa lọ, àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ kí ó pọ́n. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan; nínú ọ̀rinrin ìgbà òjò, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa yí i padà. Àwọn mìíràn á tún kó ewé tó ti gbẹ sínú fíríìsà fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹyin kòkòrò tó bá ṣẹ́ kù lè kú. Nígbà tí ó bá gbẹ dáadáa, wọ́n á ṣà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: gígùn lọ́tọ̀, kúkúrú lọ́tọ̀, èyí tó ní àbààwọ́n lọ́tọ̀.

Inú páálí tàbí àpò bébà ni kí wọ́n kó o sí. Kí a tún un sọ: páálí tàbí bébà. Kí wọ́n má ṣe kó o sínú ọ̀rá tí wọ́n dì lẹ́nu. Bí ewé bá tilẹ̀ gbẹ lójú, omi díẹ̀ lè ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀rá kò sì ní jẹ́ kí ó jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, funfun á ti hù sí i lára. Nínú páálí tó wà ní ibi gbígbẹ, ewé páìnì lè lo ọdún púpọ̀ láìbàjẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí olùgbọ́ kan ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, bí a bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ṣẹ̀ wèrè, ọdún mélòó la ó fi bunijẹ? A ti ṣa, a ti fọ̀, a ti sá, apẹ̀rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀: omi tí kò dára ni wọ́n ń lé jáde. Ó wá ku omi tí wọ́n fẹ́ kí ó wọlé.

Ewé gbígbẹ kò ṣeé ká. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́, wọ́n á mú ìwọ̀nba tí wọ́n lè rán láàárín ọjọ́ kan, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú abọ́ gbọọrọ, wọ́n á sì da omi gbígbóná lé e lórí. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ó máa ń rọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó? Wọ́n á mú ẹyọ kan, wọ́n á wé e mọ́ ìka. Bí ó bá ta kàù, kò tíì tó. Bí ó bá tẹ̀ lé ìka yípo láìsán lára, ó ti tó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá fipá ká ewé tí kò tíì rọ̀, bí kò bá já lónìí, yóò sán nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á yọ ewé nínú omi, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ewé náà ti wú. Ìdì á nípọn lọ́wọ́, okùn á fún, iṣẹ́ á dára lójú. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, ewé á padà sí bó ṣe wà, okùn á tú sílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ á sì máa mì. Kí ni ọ̀nà àbáyọ? Wọ́n á nu omi ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi táwẹ̀lì tó tutù díẹ̀ wé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi tó wà lára á wọ inú, èyí tó pọ̀ jù á bọ́ sára táwẹ̀lì. Ewé á rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní wú. Kí ó rọ̀, kí ó má rin gbingbin: ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní jẹ́ kí wọ́n máa rẹ ewé ní gbogbo ìgbà, òun ni gílísírìnì, èyí kan náà tí àwọn ènìyàn ń rà ní ilé ìtajà oògùn láti fi pa ara lọ́yẹ́. Ohun tó ń ṣe fún awọ ara ni ó ń ṣe fún ewé: ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kí ó lọ. Ìwọ̀n gílísírìnì kan sí ìwọ̀n omi gbígbóná méjì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Wọ́n á rẹ ewé sínú rẹ̀ lórí iná wẹ́rẹ́ fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á ṣan án, wọ́n á sì sá a títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ á dúdú díẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ó ti rọ̀ nìyẹn, ó sì ṣeé rán nígbàkígbà láìsí omi. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọ̀ ewé bó ṣe wà lè má fẹ́ ọ̀nà yìí. Ní ti aró, èyí tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ náà ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbóná, nítorí ìda tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ó wá ku àkọ̀ tí a ní kí olùgbọ́ fi sọ́kàn. Bí ewé bá gbẹ, àkọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ bọ́, yóò máa fọ́ wẹ́wẹ́. Nígbà tí ó bá rọ̀ tán ni wọ́n ń yọ ọ́. Wọ́n á fi ọwọ́ kan di ewé mú ní tòsí ìdí, wọ́n á fi èékánná ọwọ́ kejì há àkọ̀ náà, wọ́n á sì fà á tààrà. Yóò yọ lódidi, àwọn ewé mẹ́ta á sì pínyà lọ́wọ́. Èyí tó bá ṣagídí, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á. Bí àkọ̀ bá kù nínú ìdì, yóò ga níbẹ̀, ìpele tó bá gùn ún kò sì ní tẹ́jú. Síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, tí wọ́n á jẹ́ kí orí àkọ̀ náà máa yọ síta lára apẹ̀rẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe, ó máa ń dára. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, ojú á rí i.

Ohun ìkẹyìn kí abẹ́rẹ́ tó wọlé ni ìwọ̀n. Ìdì gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè mọ̀ ọ́n láìwò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á gé ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu, tàbí páìpù bàbà tín-ínrín, kó má ju íǹsì kan lọ. Yóò ti ìdì ewé náà gba inú rẹ̀. Nígbà tí ewé bá ti ń yọ̀ jù nínú páìpù, ó ti dín kù, ó tó àkókò láti ti òmíràn bọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ síwájú, sí àárín gbùngbùn, kí orí rẹ̀ má baà yọ síta.

Ewé tí wọ́n bá rẹ tí wọn kò rán tán ní ọjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ sùn sínú táwẹ̀lì fún ọjọ́ púpọ̀. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n dá a padà sínú páálí. Ó ṣeé tún rẹ lọ́jọ́ mìíràn. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ náà, ibi tí afẹ́fẹ́ wà ni kí wọ́n gbé e sí títí di ọjọ́ kejì, nítorí àárín ìdì ni omi ti ń pẹ́ jù kí ó tó gbẹ.